Mo ti fi cluster sórí sáfà méjì, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ra wọn lóòótọ́?

ọmọ_kútọ̀ · Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà ilé yìí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Kútọ̀ ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Orí sáfà kan ṣoṣo ni ìwé owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà láti ọjọ́ yìí wá. Ọjọ́ tó bá kọṣẹ́, gbogbo ọ́fíìsì á jókòó, wọ́n á máa wo ara wọn. Wọ́n ti wá ra èkejì, kí méjèèjì lè di cluster, ìyẹn ni pé kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan, kí èkejì gbaṣẹ́ tí ọ̀kan bá kú. Mo sọ ọ̀kan ní ake, mo sọ èkejì ní owu. Debian (irú Linux kan) ló wà lórí méjèèjì. Lánàá ni mo fi pacemaker (tó ń gbé iṣẹ́ sórí sáfà), corosync (tí wọ́n fi ń gbọ́ra wọn) àti pcs (tí a fi ń pàṣẹ fún wọn) sí i.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí: tí mo bá tẹ `pcs status` lórí ake, ó ní ake wà ní Online, owu kò sí. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lórí owu, owu wà, ake ni kò sí. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ń ping ara wọn dáadáa, ọ̀kan ń ké sí èkejì, ó ń dáhùn! `pcs host auth` náà gbà láìjanpata. Kí ni mo gbàgbé? Kí n sì tó gbé owó olówó lé e lórí, kí ló yẹ kí n yẹ̀ wò?

ará_panṣẹ́kẹ́ · 8:31 àárọ̀

Firewall ni, ògiri ààbò tó ń dí ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Pa á pátápátá, kí o tún un wò.

bàbá_wáyà · 8:52 àárọ̀

Ẹ má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Ìwé owó èèyàn ló fẹ́ gbé síbẹ̀, ẹ ní kó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Àbúrò, ping tó ń lọ tó ń bọ̀ kò jẹ́rìí fún corosync. Ẹni tó kí ọ láti títì kò tíì wọlé ẹ. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lo ń wò yẹn. Ping ní ọ̀nà tirẹ̀. pcs tó gbà fún ọ, port (ẹnu ọ̀nà) TCP 2224 ló gbà. Corosync, tó jẹ́ òun gan-an ni àwọn node, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ inú cluster, fi ń gbúròó ara wọn, UDP ló ń lò, láti 5405 lọ sókè. Méjì àkọ́kọ́ lè dára kí ẹ̀kẹta dákú. Bí ufw, tó jẹ́ firewall Linux, bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ rẹ, ìlà kan ló ń fẹ́ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan:

`ufw allow from 10.10.10.0/24 to any port 5405:5412 proto udp`

Fi nọ́ńbà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tìrẹ rọ́pò tèmi. Ìdí tó fi dé 5412 ni pé corosync 3 lè ní ọ̀nà mẹ́jọ láàárín àwọn node, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú port tirẹ̀: link 0 ń lo 5405, link 1 ń lo 5406, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí lọ́dọ̀ firewall. Debian lo pè é. Tẹ `getent hosts ake` lórí ake fúnra rẹ̀, kí o wá sọ ohun tó bá sọ fún wa.

ọmọ_kútọ̀ · 9:05 àárọ̀

127.0.1.1 ló sọ, sà. Mo tẹ `getent hosts owu` lórí owu náà, 127.0.1.1 lòun náà sọ.

bàbá_wáyà · 9:11 àárọ̀

Ó tán. Orúkọ lo fún un, o ò fún un ní nọ́ńbà.

Nígbà tí wọ́n bá ń fi Debian sórí ẹ̀rọ, ó máa ń kọ ìlà kan sínú /etc/hosts tó so orúkọ ẹ̀rọ yẹn mọ́ 127.0.1.1. Tí corosync orí ake bá wá bèèrè pé níbo ni ake ń gbé, wọ́n á ní inú ara rẹ ni. Ó wá jókòó sínú ara rẹ̀, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Owu náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú yàrá tirẹ̀. Àwọn méjèèjì kò parọ́ fún ọ o. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ.

O lè yọ ìlà yẹn kúrò nínú /etc/hosts. Èmi kì í sì í kọ orúkọ síbẹ̀ rárá. Ẹlòmíràn lè fọwọ́ kan DNS (ìwé orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tàbí /etc/hosts lọ́jọ́ kan láìmọ̀ pé cluster ló fẹ̀yìn tì í. Nọ́ńbà ni kí o kọ. Bí o bá ti fa wáyà kejì, kọ ọ̀nà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà:

`pcs cluster setup egbe ake addr=10.10.10.11 addr=10.10.20.11 owu addr=10.10.10.12 addr=10.10.20.12`

àdìrẹ_linux · 9:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un kó tó tẹ ìlà yẹn.

Debian tún ní ẹ̀tàn mìíràn lọ́wọ́. Tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi corosync sí i tán, tí o ò tíì ṣe nǹkan kan, ó ti dìde, ó ti ń ṣiṣẹ́. Cluster ẹlẹ́nìkan ni, "debian" lorúkọ rẹ̀, node kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, 127.0.0.1 sì ni àdírẹ́sì rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á wo `pcs status`, á rí Online, inú rẹ̀ á dùn. Inú tèmi dùn débi pé mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá mi pé iṣẹ́ ti parí. Lẹ́tà yẹn ṣì wà nínú fáìlì wọn títí di òní.

Nítorí náà `pcs cluster destroy` ni kó ṣáájú, lórí méjèèjì, kí o tó ṣe setup. Lẹ́yìn ìyẹn, wo orúkọ cluster tó wà lókè `pcs status`. Bó bá ṣì ń jẹ́ "debian", inú ilé àtijọ́ lo ṣì wà.

ọmọ_kútọ̀ · 10:26 àárọ̀

Haa! Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀. Mo fi nọ́ńbà dípò orúkọ, mo fún un ní ọ̀nà méjèèjì, torí mo ti fa wáyà kejì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ake Online, owu Online, lórí méjèèjì! Olúwa á bù kún yín o. Alẹ́ òní ni màá gbé database sí i.

àdìrẹ_linux · 10:30 àárọ̀

Rárá o. Má gbé nǹkan kan.

Online kàn ń sọ fún ọ pé wọ́n ń gbọ́ra wọn ni. Kò sọ ibi tí wọ́n ń gbà gbọ́ra wọn. Tẹ `corosync-cfgtool -s` lórí ake, kí o tún tẹ̀ ẹ́ lórí owu. Wo addr ní àkọ́kọ́: ṣé nọ́ńbà tí o fẹ́ gan-an nìyẹn? Mo ti bá cluster kan pàdé tó jẹ́ orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí gbogbo ọ́fíìsì fi ń wo bọ́ọ̀lù ló ti ń bára rẹ̀ sọ̀rọ̀, wáyà tí wọ́n rà fún un wà níbẹ̀ lásán. Lẹ́yìn náà, wo status lábẹ́ link kọ̀ọ̀kan. Node tí o wà lórí rẹ̀ á kọ localhost, èkejì gbọ́dọ̀ kọ connected. Ohun mìíràn tó bá kọ, àrùn ni.

ọmọ_kútọ̀ · 10:44 àárọ̀

Àǹtí, mo dúpẹ́ pé ẹ dá mi dúró. LINK ID 0, connected. LINK ID 1, disconnected. Lórí méjèèjì.

bàbá_wáyà · 10:58 àárọ̀

Ṣé o rí i? Ẹsẹ̀ kan ló fi ń rìn látàárọ̀, o sì ń jó. Ọjọ́ tí link 0 bá já ni o ì bá mọ̀ pé link 1 ò sí níbẹ̀ rí.

Tẹ `ip -br addr` kí o mọ káàdì tí 10.10.20.x wà lórí rẹ̀, kí o wá fi `ethtool` wo káàdì yẹn. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni kí o wò, Link detected.

ọmọ_kútọ̀ · 11:20 àárọ̀

Link detected: no, lórí owu. Mo lọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà: ihò mẹ́rin ló ní, ihò kẹta ni mo ki wáyà bọ̀, káàdì kejì ni mo fún ní nọ́ńbà. Mo ti tún un kì. Connected ni gbogbo wọn báyìí.

bàbá_wáyà · 11:24 àárọ̀

Ó dáa. Orí kejì wáyà link 1 yẹn, ibo ló wọ̀?

ọmọ_kútọ̀ · 11:31 àárọ̀

Switch náà ni, sà, àpótí tó so gbogbo wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa pọ̀. Ọ̀kan náà ni a ní.

ìyá_ìbejì_IT · 12:47 ọ̀sán

Mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ switch kan yìí ti dun mí rí.

Ibì kan wà tí mo bá wọn ṣe irú iṣẹ́ yìí. Sáfà méjì, ọ̀nà méjì, switch kan. Sáfà méjèèjì wà lórí ínfátà, a sì ń yangàn pé NEPA ò rí wa mú. Switch ńkọ́? Ihò orí bọ́ọ̀dù ínfátà ti kún, ẹnì kan bá fi switch sí sọ́kẹ́ẹ̀tì NEPA lábẹ́ tábìlì. Kò sẹ́ni tó rò ó.

Wọ́n mú iná lọ ní bí aago méjì ọ̀sán. Sáfà méjèèjì ò mira. Switch kú. Link 0 kú, link 1 kú, ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ọ̀kan ní èkejì ti kú, èkejì náà sọ bẹ́ẹ̀. Torí cluster ẹlẹ́ni méjì ni, `two_node: 1` wà nínú corosync.conf, ìyẹn sì ń gba ẹnì kan láyè kó dá dúró. STONITH, ohun tí cluster fi ń pa ẹ̀rọ kejì kí méjèèjì má bàa gbé iṣẹ́ kan náà, ńkọ́? A ti pa á, a ní tó bá yá a máa ràn án. Àwọn méjèèjì gbé database. DRBD la fi ń da dátà kọ láàárín wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di Primary, ẹni tó ń kọ dátà, iṣẹ́ alaago tó ń ka owó èlé sì ṣiṣẹ́ níhìn-ín, ó tún ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ dìde tí switch jí, DRBD kọ̀, ó ní Split-Brain detected (dátà ti pín sí méjì tí kò bára mu), ó sì já ìsopọ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó ti akọ̀wé owó, tí a ń fi ìka tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan, a ń bèèrè pé èwo la máa dá nù.

Ọmọ mi, sáré lọ wo ibi tí switch rẹ ti ń mu iná.

ọmọ_kútọ̀ · 1:02 ọ̀sán

Mà... sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri ni.

bàbá_wáyà · 1:15 ọ̀sán

Fún ìyẹn, ohun méjì. Gbé switch sórí ínfátà. Kí o sì yọ wáyà link 1 kúrò nínú switch, fi lọ tààrà láti ake sí owu. Ẹ̀rọ méjì péré ni, kò fẹ́ alárinà. Káàdì gigabit ò béèrè wáyà tí wọ́n yí orí rẹ̀ pa dà bí ti ayé àtijọ́, wáyà lásán ti tó.

Nípa STONITH, ohun tí ìyá ìbejì sọ yẹn, èmi náà ti rí àwọn tó ń pa á torí pé kò jẹ́ kí nǹkan dìde. Pacemaker kọ̀ láti gbé iṣẹ́ kankan títí wọ́n á fi fún un ní ohun tó lè fi pa ẹnìkejì, wọ́n bá kọ stonith-enabled=false, wọ́n lọ sílé. Bí sáfà rẹ bá ní IPMI, tí a fi ń pa sáfà tí a sì fi ń tàn án láti òkèèrè, lò ó. Ṣùgbọ́n rántí pé inú sáfà yẹn náà ni IPMI ti ń mu iná. Tí iná owu bá lọ pátápátá, IPMI rẹ̀ bá a lọ, ake á máa pè é títí, kò ní í rí ẹni dá a lóhùn, iṣẹ́ á sì dúró sójú kan.

ará_panṣẹ́kẹ́ · 2:20 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kó gbé token, àsìkò tí corosync fi ń dúró kó tó ka ẹnìkejì sí òkú, sókè sí 10000, kó má máa ya ara ẹ̀ lọ́dọọdún.

àdìrẹ_linux · 2:41 ọ̀sán

Èmi ò gbà. Corosync 3.1 sókè ti fún un ní 3000 láti ilé, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, nígbà tó jẹ́ pé 1000 ni Corosync 2 ń lò. Lórí wáyà tó lọ tààrà láàárín ẹ̀rọ méjì nínú yàrá kan, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta pọ̀ gan-an. Tí o bá rí i nínú `journalctl -u corosync` pé "Token has not been received in 2250 ms", ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 3000 nìyẹn, ìkìlọ̀ ni. Wá ohun tó fà á: wáyà, káàdì, ẹ̀rọ tí iṣẹ́ pọ̀ jù fún. Tí o bá sọ ọ́ di 10000, àrùn náà ò lọ, o kàn di etí ẹ ni, àti pé ìgbà tí node kan bá kú lóòótọ́, àwọn oníbàárà á dúró pẹ́ sí i kí èkejì tó gbaṣẹ́.

ọmọ_kútọ̀ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:18 àárọ̀

Mo ti fa wáyà tààrà. Ìbéèrè kan: a ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ní ẹ̀ka wa ní Lafẹ́nwá. Ṣé kí n sọ ọ́ di node kẹta, kí ìbò tí cluster fi ń mọ ẹni tó yẹ kó dúró lè di mẹ́ta?

àdìrẹ_linux · 9:50 àárọ̀

Má sọ ọ́ di node. Corosync fẹ́ kí àwọn node wà nítòsí ara wọn; ìwé Proxmox, ètò mìíràn tó ń lo corosync, ní kí ìfàsẹ́yìn láàárín wọn má kọjá 5 ms. Íntánẹ́ẹ̀tì láti Kútọ̀ dé Lafẹ́nwá, ìwọ náà mọ bó ṣe ń ṣe tí òjò bá ṣú.

Qdevice ni kí o lò. Fi corosync-qnetd sórí kọ̀ǹpútà yẹn, fi corosync-qdevice sórí ake àti owu, ṣí TCP 5403. Kò ní í gbé database, kò ní í gbé nǹkan kan. Ìbò nìkan ló ní, ó sì lè fara da ọ̀nà jíjìn ju node lọ. Lẹ́yìn tó o bá ti ṣe `pcs host auth` fún un, wá tẹ:

`pcs quorum device add model net host=ibara algorithm=ffsplit`

Mo ti sọ ọ́ ní ìbarà fún ọ. Ẹ̀gbá Aláké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu ni wọ́n máa ń kà. Olúbarà jẹ́ ọba ní Abẹ́òkúta, wọn kì í sì í kà á mọ́ Ẹ̀gbá. Ó wà nílùú, ohùn rẹ̀ ń dún, ilé rẹ̀ sì dá wà.

ìyá_ìbejì_IT · 10:04 àárọ̀

Ará Ìbarà ni ọkọ mi o, ẹ rọra.

bàbá_wáyà · 10:22 àárọ̀

Kí o tó fi qdevice sí i, tẹ `corosync-quorumtool -s`, kí o wo bó ṣe wà: Expected votes (gbogbo ìbò) 2, Quorum (iye ìbò tó gbọ́dọ̀ pé) 1, Flags 2Node àti WaitForAll. Lẹ́yìn tó o bá fi sí i, Expected votes gbọ́dọ̀ di 3, Quorum 2, 2Node yẹn á sì lọ. Níwájú ake àti owu, A,V,NMW ni kí o rí. Bó bá kọ NR, node yẹn kò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ qdevice.

WaitForAll yẹn náà, mọ̀ ọ́n. Two_node ló ń mú un wá. Tí gbogbo iná bá lọ tí sáfà méjèèjì kú, tí ọ̀kan péré wá jí láàárọ̀, kò ní í gbé iṣẹ́ títí tó fi máa rí èkejì. Àwọn èèyàn á ní cluster ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́, ẹnì kejì ló ń dúró dè.

ará_panṣẹ́kẹ́ · 10:40 àárọ̀

Aago ńkọ́? Mo gbọ́ pé aago wọn gbọ́dọ̀ bára mu kí corosync tó lè ṣiṣẹ́.

bàbá_wáyà · 10:51 àárọ̀

Corosync fúnra rẹ̀ kì í wo aago ògiri. Àmọ́ fi chrony, tó ń mú aago bára mu, sí i. Ọjọ́ tí o bá ń fi log ake wé ti owu láti mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣubú, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ.

Ohun kan ló kù, òun ni èmi fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: fa wáyà yọ. Fi ọwọ́ rẹ fà á. Má jókòó ti kọ̀ǹpútà kí o máa fi àṣẹ pa káàdì. Ìwé corosync ti ń kìlọ̀ nípa ifdown tipẹ́, kò jọ wáyà tó já. Fa link 0, wò ó, dá a padà. Fa link 1, wò ó, dá a padà. Lẹ́yìn ìyẹn, fa méjèèjì. Kí owó tó wà níbẹ̀ o.

ọmọ_kútọ̀ · Ọjọ́bọ̀, 7:36 alẹ́

Mo padà wá jíṣẹ́.

Mo fa link 0 owu. Log ake kọ "link: host: 2 link: 0 is down" lójú ẹsẹ̀, `corosync-cfgtool -s` kọ disconnected sí i, ṣùgbọ́n `pcs status` ò mira, Online méjèèjì. Mo dá a padà, ó padà. Link 1 náà, bákan náà. Mo kọ́kọ́ ń bẹ̀rù, nígbà tó yá mo ń gbádùn ẹ̀.

Mo wá fa méjèèjì. Ìkìlọ̀ 2250 ms yẹn jáde bí àǹtí ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà "A processor failed, forming new configuration". Ake àti ìbarà ní ìbò méjì, wọ́n dúró. Owu ní ẹyọ kan, kò ní quorum mọ́. Èyí tí mi ò retí: wáyà IPMI owu ṣì wà níbẹ̀, ake bá gba ibẹ̀ wọlé, ó pa owu, ó sì tún un tàn. Fáànù sáfà náà ké wìì-ìn, ọmọbìnrin tó ń gba owó ní káńtà pariwo Jésù.

Mo fi sha256sum wọn /etc/corosync/corosync.conf (fáìlì ètò) àti authkey (kọ́kọ́rọ́ cluster) lórí méjèèjì, wọ́n dọ́gba. Ọ̀la lálẹ́ ni database ń wọlé.

Switch ti wà lórí ínfátà báyìí. Àmọ́ ihò ò sí lórí bọ́ọ̀dù náà, bí ti ìyá ìbejì gẹ́lẹ́, fáànù akápò ni mo yọ. Kò tíì dá mi lóhùn láti àná.

bàbá_wáyà · 7:49 alẹ́

Ra extension fún bàbá olóore lọ́la kí o tó gbé database. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa yọ switch yẹn.